Ọmọ Tó Ń Kàwé Láì Wo Ìwé

Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń ṣe tíṣà kí n tó mọ̀ pé ọmọ lè ka odindi ojú ìwé kan sí mi létí láì mọ lẹ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ní 2013 ni. Kíláàsì kẹta ni mo ń kọ́, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìbàdàn, ọmọ 71 nínú yàrá kan, fèrèsé méjì. Mi ò ní dárúkọ iléèwé náà, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ kankan, torí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti di géńdé, wọ́n sì ń lo fóònù. Ọmọ fọkanáísà la máa ń pe ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹnu géètì wa gan-an ni ìsọ̀ bàbá rẹ̀ wà. Tí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà bá ti ń dún, a ò ní gbọ́ra wa mọ́.

Ìwé kíkà la wà lọ́jọ́ náà. Mo ní kó dìde. Ó dìde, ó di ìwé mú níwájú àyà, ó sì ń kà á geerege, ó ń sinmi níbi tó yẹ kó sinmi. Inú mi ti ń dùn. Àfi bí atẹ́gùn ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, tó ṣí ìwé náà sí ibòmíràn. Ọmọ yìí ò dúró. Àwòrán obìnrin tó ń gún iyán ló wà níwájú rẹ̀, ìtàn àgbẹ̀ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń kà. Mo sún mọ́ ọn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé. Ó ṣì ń kà lọ. Ó tó ìlà mẹ́ta sí i kó tó rí ọwọ́ mi, ló bá dákẹ́ lójijì, òógùn sì yọ sí i níwájú orí.

Mo nà án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fún un lẹ́gba mẹ́fà, mo ní ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ tó kù ń kọ “Olódo rabata” bó ṣe ń padà lọ síbi ìjókòó rẹ̀, mi ò sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi lórí. Ọ̀sẹ̀ kan péré la fi ka ìtàn yẹn ní kíláàsì, ọmọ yìí sì ti há a sórí látẹnu àwọn ẹlòmíràn, gbólóhùn dé gbólóhùn. Èmi tí mo ti fi ìwé yẹn kọ́ni fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n bá gba ìwé lọ́wọ́ mi, mi ò lè dé ìdajì. Olódo wo ló ní irú orí bẹ́ẹ̀?

Mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Kí n tó là ẹnu, ó ti kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú, àwọn ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ káwọn ṣe. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó sín in ní gbẹ́rẹ́ ìsọ̀yè ní àtàrí. Ó tẹ orí ọmọ náà ba kí n lè rí ojú gbẹ́rẹ́. Mo ní, “Ìyá, ìsọ̀yè yín ṣiṣẹ́ o. Ohun tí ọmọ yìí bá gbọ́, kì í gbàgbé. Ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà.” Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Òun ló sọ fún mi pé ọmọ náà ń lọ ilé kéwú ní ìrọ̀lẹ́, pé aáfà pàápàá ń ráhùn.

Mo lọ bá aáfà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà lórí ẹní rẹ̀ ju èyí tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni lọ. Aáfà ní ọmọ náà ti ka súrà tó pọ̀ sórí ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti kan wàláà, wàhálà dé. Ó mú wàláà kan, ó kọ lẹ́tà Lárúbáwá mẹ́ta sí i. Ara kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, bí àwo pẹrẹsẹ. Àmì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní “bá” ní àmì kan nísàlẹ̀, “tá” ní méjì lókè, ẹ̀kẹta ní mẹ́ta lókè. Aáfà ní, “Ẹ̀yin tíṣà, tí mo bá pa àmì wọ̀nyí rẹ́, tí mi ò pa wọ́n rẹ́, ọ̀kan náà ni lójú ọmọ yẹn.”

Mo délé, mo tú ìwé rẹ̀ wò. Mo ti ń fi bírò pupa fa igi sí i láti oṣù mẹ́ta, mi ò wò ó rí. Gbogbo ṣ rẹ̀ ni s. Ẹ rẹ̀, e. Ọ rẹ̀, o. Àti b àti d, wọ́n ń gba ipò ara wọn bí ìgbà tí ìbejì ń fi tíṣà ṣeré: ó kọ “dàdá” fún bàbá, ó sì kọ “abé” fún adé. Àṣìṣe kan náà ló wà lórí wàláà aáfà àti nínú ìwé mi. Ọmọ tó bá kàn ń ṣọ̀lẹ, ṣé ó lè ṣọ̀lẹ bákan náà ní èdè méjì, lọ́wọ́ olùkọ́ méjì tí wọn ò mọra wọn?

Obìnrin kan wà tí a jọ ń kọ́ni, tó ti jáde ní Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn tíṣà tí yóò máa kọ́ àkàndá ẹ̀dá. A ti jọ ń jẹ ẹ̀wà lábẹ́ igi láti ọdún méjì, mi ò bi í ní nǹkan kan rí nípa ohun tó lọ kọ́. Mo ro pé fún adití àti afọ́jú nìkan ni. Ó wo ìwé ọmọ náà, ó ní àwọn òyìnbó ń pe irú rẹ̀ ní dyslexia. Kì í ṣe àìsàn ojú, kì í ṣe pé ọpọlọ kò tó: bí ọpọlọ ṣe ń so ìró mọ́ àmì ló ṣòro fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń wà nínú ẹbí. Mo bi í pé kí la ń pè é ní Yorùbá. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Olódo la ń pè é.”

Ó kìlọ̀ fún mi pé òun ò lè dá a lẹ́jọ́ pé ohun tó ń ṣe ọmọ náà nìyẹn, pé àyẹ̀wò wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a máa ṣe ò dúró de orúkọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ihò nínú tíúbù tó rì sínú omi, kò gbójú sókè. Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní, “Èmi náà nìyẹn, ma. Kíláàsì kẹrin ni mo ti sá kúrò. Wọ́n nà mí títí.”

Abọ́ fẹ̀ǹfẹ̀ kan tí wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì ni a kó yanrìn sí. Tí àwọn tó kù bá lọ ṣeré, ọmọ náà àti àwọn mẹ́rin mìíràn tí mo tún wá rí yóò dúró pẹ̀lú mi fún ogún ìṣẹ́jú. Ìka ni wọ́n fi ń kọ ọ́, lẹ́tà ńlá tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, ẹnu wọn á sì máa pe ìró rẹ̀ bí ìka ṣe ń lọ. Ọ̀kan péré lójúmọ́. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, a ó lọ sí èkejì. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀la ṣì wà. Mo rántí pé ó ṣòro fún mi láti gba ìyẹn gbọ́, nítorí tíṣà tó ní ìwé ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ máa ń sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.

B àti d ni kò gbà. A fa á títí. Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin kan nínú àwọn márùn-ún wo yanrìn, tó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní b yọ ikùn síwájú bíi bàbá òun, d sì yọ ìdí sẹ́yìn. B, bàbá oníkùn. D, ìdí. Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń yọ ikùn, ó ń yọ ìdí, a rẹ́rìn-ín dé ibi tí ọ̀gá àgbà fi wá yọjú lójú fèrèsé. Láti ọjọ́ náà, tí ọmọ fọkanáísà bá fẹ́ kọ bàbá, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. Mo ti lo ẹ̀tàn yìí fún ọmọ púpọ̀ láti ìgbà náà. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Ohun kan tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé Yorùbá la fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́lì kan, ó parí: ba, bẹ, bi. Lẹ́tà 25, bí wọ́n sì ṣe ń dún lónìí ni wọ́n máa ń dún lọ́la. Ẹ wá wo Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ “though” àti “tough” bí ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ tí lẹ́tà ń jó lójú rẹ̀, ẹ sì tún fi èyíinì bẹ̀rẹ̀ fún un! Ọ̀pọ̀ òbí tí ń bá mi jà pé mo ń fi “èdè ilé” fa ọmọ àwọn sẹ́yìn ni ò gbọ́ nípa ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní iléèwé St. Stephen’s “A” ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Lórí ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Ìdánwò ìparí táàmù dé. Mo bẹ ọ̀gá àgbà pé kí ó jẹ́ kí n bi ọmọ náà ní ìbéèrè lẹ́nu. Ó ní ojúsàájú ni, pé kí ni màá sọ fún àwọn 70 tó kù. A fà á, a fà á, ó gbà fún iṣẹ́ kan péré, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ọmọ tó máa ń gba méjì nínú ogún gba 17. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ mi pẹ̀lú ìfura. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn kíláàsì ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí mo ti fún lórúkọ aláìgbọràn. Tí mo bá pè é, kò ní dáhùn. Tí a bá ń ṣe àpèkọ, yóò máa yọjú sí ìwé ẹnìkejì. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan láti bá a wí, òórùn kan sì kọlu imú mi. Etí rẹ̀ ń ṣọyún. Etí méjèèjì. Ìyá rẹ̀ ní láti kékeré ni, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, pé òun máa ń ro òróró sí i. Àdúgbò ti ní kó mú un lọ iléèwé adití. Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa lóòótọ́: Ìbàdàn yìí ni Andrew Foster, ọmọ aláwọ̀dúdú ará Amẹ́ríkà tí etí òun fúnra rẹ̀ di nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ti dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ ní 1960, àwọn tó ti ibẹ̀ jáde sì mọ̀wé jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í ṣe adití. Ìtọ́jú ló nílò, àti bẹ́ǹṣì iwájú.

Aláìgbọràn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo ti ń sọ òótọ́ láti oṣù mẹ́fà láì mọ̀. Nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́dé bá wọn fọ̀ ọ́, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n kọ̀wé fún un láti rí dókítà etí, wọ́n sì kìlọ̀ pé òróró tán. Èmi náà jáwọ́ nínú kí n máa kọjú sí bọ́ọ̀dù kí n máa sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan, ká kọjú sọ́mọ ká tó sọ̀rọ̀, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ran àwọn tí etí wọn dá ṣáká lọ́wọ́ pàápàá.

Ti ìṣirò, díẹ̀ ni màá sọ. Ọmọ ẹlẹ́kọ kan wà tó máa ń fún mi ní ṣéńjì kí n tó fọwọ́ sí àpò tán. Ẹ̀kọ méje, 50 náírà kọ̀ọ̀kan, mo fún un ní 1,000. Ó ti na 650 sí mi, ó ń wo oníbàárà tó kàn. Lórí bọ́ọ̀dù, 1,000 yọ 350, ó kọ 750. Ní ti àpèkọ nọ́ńbà, mo ní “eighteen,” ó kọ 80. Mo ní “eéjìdínlógún,” ó kọ 18 wéré. Ká má parọ́ fún ara wa ṣá, òǹkà Yorùbá náà ní ọ̀fìn tirẹ̀: ẹlòmíràn wà tó bá gbọ́ aárùndínlógójì, 45 ló máa kọ, torí ogójì àti aárùn-ún ló bá etí rẹ̀ pàdé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni mò ń kó kalẹ̀, ogójì, tí òun fúnra rẹ̀ á mú márùn-ún kúrò. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá yọ, orí rẹ̀ á gbà.

Èyí tí mi ò rí ṣe ló kù. Ọmọkùnrin kan, ní 2019. Kì í dáhùn orúkọ, kì í wo ojú èèyàn, tí wọ́n bá lu agogo, yóò di etí méjèèjì, yóò sì pariwo títí agogo yóò fi dákẹ́. Ìdérí ìgò ló fẹ́ràn, àpò rẹ̀ kún fún un. Oṣù Kínní ọdún náà gan-an ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá dù ú léèwọ̀. Ó wà nínú rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé girama, pé kí iléèwé ìjọba gbà wọ́n mọ́ra, kí òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ 64 ni mo ní. Ọ̀rẹ́ mi tó jáde ní Ọ̀yọ́ ti lọ, wọ́n ti gbé e lọ síbi tó jìnnà, wọn ò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo bèèrè fún olùrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń ní kó lọ jókòó. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ibẹ̀ dákẹ́ fún un. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ fún èmi náà. Kí táàmù tó parí, àwọn òbí rẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Mo gbọ́ pé orí òkè àdúrà ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní ẹlẹ́gbẹ́ ni. Ọjọ́ kejì tí ó lọ, mo lọ sí ìdí máńgòrò. Ìdérí ìgò wà nílẹ̀, ó tò wọ́n sí ẹsẹẹsẹ, àwọ̀ pẹ̀lú àwọ̀. Mo kà wọ́n. Mẹ́wàá, mẹ́wàá, mẹ́wàá, ìlà méjìlá, kò fi ọ̀kan dín, kò fi ọ̀kan lé. Òǹkà tí mo ń lọgun lórí rẹ̀ nínú yàrá, ó ń ṣe é níta. Ṣebí mo ní òkúta wẹ́wẹ́, mo ní yanrìn, mo sì ti mọ ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Mi ò lọ jókòó tì í rí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọmọ fọkanáísà. Kò di ọ̀jọ̀gbọ́n o. Ó wọ girama, ó ń kàwé pẹ̀lú ìnira, ìka rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ìlà. Ní 2018, ó ti wà ní JSS 2, mo rí pátákó tuntun kan níwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Òun ló fi ọ̀dà funfun kọ ọ́, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nínú yanrìn. “A ń lẹ táyà níbí” ló fẹ́ kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, mo di ẹnu mú. Àwọn ọlọ́kadà tó jókòó níwájú ti ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀, bàbá rẹ̀ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń rí rẹ́rìn-ín.

Ó jáde wá kí mi. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ní kó ka pátákó rẹ̀ fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí, mo ní rárá o, kó fi ìka tẹ̀ lé e. Ó fi ìka tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ìka dúró. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó wo lẹ́tà náà, ó tún fọwọ́ kan ìdí rẹ̀.

“Áà! Ma!” Ó ti ń sáré wọlé. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ, ẹ jẹ́ n mú ọ̀dà.”